Bí Georgia bá gbé owó orí kúrò lára owó-oṣù lọ sórí ọjà, ta ló máa san án?

Àbúrò kan tó ń gbé nítòsí Atlanta ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń gbọ́ pé àwọn olóṣèlú Georgia fẹ́ fagi lé income tax (owó orí tí wọ́n ń gbà lórí owó tó ń wọlé fúnni) pátápátá, pé orí ọjà ni wọ́n á ti máa gba owó orí bíi ti Tennessee àti Florida. CNA (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì) ni mí, mo tún máa ń di irun nílé lópin ọ̀sẹ̀, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní warehouse, ọmọ mẹ́ta la bí, nǹkan bí 70,000 dọ́là ló ń wọlé fún àwa méjèèjì lọ́dún. Ṣé ìròyìn ayọ̀ kọ́ lèyí fún wa? Àwọn kan nínú ìjọ wa tiẹ̀ ti ń kó lọ sí Texas nítorí ẹ̀."

Àbúrò mi, o ṣé tó o béèrè kó o tó bá wọn jó sí i. Kí n kọ́kọ́ la nǹkan kan yé ẹ ná: owó orí tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fagi lé yìí, ti sítéètì ni, kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. IRS tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀ ò lọ síbì kankan, Social Security àti Medicare tí wọ́n ń yọ nínú owó rẹ ò lọ síbì kankan. Ìlà kan ṣoṣo ló máa kúrò lórí pay stub rẹ, ìyẹn ìlà tí wọ́n kọ Georgia sí. Mo ní láti sọ ọ́ torí mo ti pàdé èèyàn tó rò pé gbogbo ohun tí wọ́n ń yọ pátá ló máa padà di tòun.

Jẹ́ ká wá fi owó tiyín gan-an ṣe é. Ní owó orí ọdún 2025, 5.19% ni Georgia gbà, wọn ò sì gbà á lórí gbogbo 70,000 yẹn o. Tọkọtaya tó bá jọ fáìlì, wọ́n á kọ́kọ́ yọ 24,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọn ò ní fọwọ́ kàn, wọ́n á tún yọ 4,000 nítorí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọmọ mẹ́ta jẹ́ 12,000, ó wá ku 34,000. Ìyẹn ni wọ́n gba 5.19% lé lórí, ó sì jẹ́ nǹkan bí 1,765 dọ́là. Owó tó máa padà sọ́wọ́ yín lọ́dún nìyẹn, kò tó 150 lóṣù. Owó gidi ni, mi ò ní fojú kéré ẹ̀, ó lè san owó iná.

Ṣùgbọ́n owó tí ìjọba ò gbà lọ́wọ́ yín mọ́ yẹn, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ, títì tí ọkọ rẹ ń gbà lọ síbi iṣẹ́, Medicaid tó ń sanwó ọ̀pọ̀ àwọn arúgbó tó wà ní nursing home, owó yìí wà nínú gbogbo ẹ̀. Ní Georgia, owó orí tí àwọn èèyàn ń san lórí owó tó ń wọlé fún wọn ló ń mú nǹkan bí ìdajì gbogbo owó orí sítéètì wá, sales tax, ìyẹn owó orí orí ọjà, sì ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. 4% ni sales tax ti sítéètì báyìí. Tó bá jẹ́ pé 4% ló ń mú ìdá kan nínú mẹ́rin wá, tó o wá fẹ́ kó ru ìdajì yẹn náà mọ́ tiẹ̀, á jẹ́ pé wàá fi bíi 8% kún un nìyẹn, ó di 12%, kí county àti city tó gbé tiwọn lé e. Nínú Atlanta lónìí, gbogbo ẹ̀ pọ̀ jẹ́ 8.9%, á wá di nǹkan bí 17%. Mo mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ kó dé 17, wọ́n á ṣe é díẹ̀díẹ̀, wọ́n á gé ìnáwó kù, wọ́n á gbé díẹ̀ sórí nǹkan míì, àmọ́ iye yẹn ni kó o gbé sọ́kàn, torí èyí tí wọn ò bá gbà níbi ọjà, wọ́n á wá a lọ síbòmíì.

Ó dáa, 8% tó máa gorí ọjà yẹn, kí ló máa ṣe fún yín? Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìrò. Kì í ṣe gbogbo owó tẹ́ ẹ ń ná ló máa kàn. Rẹ́ǹtì ò sí níbẹ̀, owó ilé ìwòsàn ò sí níbẹ̀, oúnjẹ tútù tẹ́ ẹ ń rà lọ sè nílé, sítéètì ò gba 4% tiẹ̀ lórí ẹ̀ báyìí bó tilẹ̀ jẹ́ pé county ń gbà. Ohun tó kàn ni aṣọ, bàtà, fóònù, fíríìjì, àga, ọṣẹ ìfọṣọ, oúnjẹ tí wọ́n sè tà, gbogbo ohun tí Amazon ń gbé wá sẹ́nu ilẹ̀kùn (láti ìgbà tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti dá ẹjọ́ Wayfair lọ́dún 2018, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ò bọ́ mọ́). Tẹ́ ẹ bá ń ra irú nǹkan wọ̀nyí tó 15,000 dọ́là lọ́dún, 8% ẹ̀ jẹ́ 1,200, ẹ sì jèrè 565. Tó bá jẹ́ 25,000 lẹ̀ ń rà, ẹ máa san 2,000, ẹ pàdánù 235. Ibi tó ti dọ́gba fún ẹ̀yin gan-an ni nǹkan bí 22,000. Torí náà mi ò ní parọ́ fún ẹ pé ó máa pa yín lára dandan. Ẹ̀yin wà láàárín gbùngbùn, ẹ lè bọ́ sí ọ̀tún, ẹ lè bọ́ sí òsì.

Wá wo àwọn tó wà nísàlẹ̀ yín. Ẹni tó ń gba 30,000, tó níyàwó àti ọmọ mẹ́ta bíi tiyín, 36,000 ni wọ́n máa yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un, ó ju owó tó ń gbà lọ, kò sì san income tax kankan fún Georgia báyìí. Kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ fagi lé fún un. Ṣùgbọ́n tó bá ra ọjà 12,000 lọ́dún, 960 dọ́là tuntun ló máa san. Wá wo ẹni tó ń gba 400,000, òun náà bí ọmọ mẹ́ta: pẹ̀lú 5.19% yẹn, nǹkan bí 18,900 ló ń san. Kí ló lè rà? Jẹ́ ká ní ó ń ra ọjà 80,000, 8% ẹ̀ jẹ́ 6,400, ó ti jèrè bíi 12,500 nìyẹn. Èyí tó kù nínú owó ẹ̀, ó wà ní báǹkì, ó wà nínú stock, ó wà nínú ilé, sales tax ò dé ibẹ̀. Tí iye tí ìjọba ń gbà lápapọ̀ ò bá dín, 12,500 tí ẹni yẹn ò san mọ́, ẹlòmíì ló ń san án, àwọn tó sì ń san án ni àwọn tí owó wọn ń tán lórí ọjà kí oṣù tó parí. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ méjì mẹ́ta ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn náà sì ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Àwọn àgbàlagbà náà wà ńbẹ̀. Georgia kì í gba income tax lórí 65,000 àkọ́kọ́ nínú owó ìfẹ̀yìntì ẹni tó ti pé ọdún 65. Màmá tó ti fẹ̀yìn tì nínú ìjọ yín, tó ń gba Social Security àti pension kékeré, kò san nǹkan kan báyìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e sórí ọjà, ó ti di pé ó ń san nìyẹn.

Mi ò fẹ́ kó o rò pé kò sí ọgbọ́n kankan nínú àbá yìí o. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó fara mọ́ ọn ní ìdí gidi. Income tax máa ń fìyà jẹ ẹni tó ń fowó pamọ́: o san án lórí owó-oṣù, o fi èyí tó kù sí báǹkì, èrè tó bá mú wá, wọ́n tún gbà nínú ẹ̀. Sales tax ò ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbà tó o bá ná an ló ń gbà. Ó tún ń bá ẹni tí kì í fáìlì nǹkan kan pàdé, ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́-lọ́wọ́ tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, bó bá dé ṣọ́ọ̀bù á san. Àlejò náà ń san án, ìyẹn ló jẹ́ kó rọ Florida lọ́rùn, gbogbo ayé ń kó ọmọ wọn lọ sí Orlando láti gbogbo ilẹ̀, owó orí ọjà tí wọ́n san níbẹ̀ wà nínú ohun tó ń gbé sítéètì yẹn ró. Georgia ní Savannah, ó ní Atlanta, ṣùgbọ́n kò ní àlejò tó Florida.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ilé-iṣẹ́ máa wá, iṣẹ́ máa pọ̀, owó-oṣù máa gòkè. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀, àmọ́ díẹ̀ náà ni, torí nǹkan bí 5% la ń sọ, ti ìjọba àpapọ̀ tó ju ìyẹn lọ fún ọ̀pọ̀ ẹni tówó ń wọlé fún ṣì wà nílẹ̀ digbí. Ilé-iṣẹ́ tó ń wá ibi tó máa jókòó sí, ilẹ̀ ló ń wò, òṣìṣẹ́ ló ń wò, títì àti pápákọ̀ òfúrufú ló ń wò, owó orí wà nínú ẹ̀ ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń ṣáájú.

Kansas ló yẹ kí gbogbo èèyàn lọ kà nípa ẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2012, gómìnà Sam Brownback fọwọ́ sí òfin tó gé income tax ibẹ̀ lulẹ̀: èyí tó ga jù kúrò ní 6.45% ó bọ́ sí 4.9%, wọ́n sì ní àwọn LLC (irú ilé-iṣẹ́ kan tí ẹnì kan lè dá sílẹ̀) àti àwọn oníṣòwò kéékèèké ò ní san kọ́bọ̀ lórí èrè wọn. Gómìnà ní ó máa dà bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí ọkàn ọrọ̀-ajé sítéètì náà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Wọ́n ti rò pé bíi 190,000 oníṣòwò ló máa jàǹfààní LLC yẹn, ó di pé ó lé ní 330,000, torí tí wọ́n bá ti ní oníṣòwò ò ní san, òṣìṣẹ́ máa ń di oníṣòwò. Láàárín ọdún kan owó tó ń wọlé fún sítéètì fi nǹkan bíi 700 mílíọ̀nù dọ́là wálẹ̀. Wọ́n ń fa owó títì láti fi dí ihò, Moody's àti S&P tí wọ́n ń díwọ̀n bóyá ìjọba lè san gbèsè ẹ̀ já orúkọ wọn wálẹ̀ lọ́dún 2014, lọ́dún 2015 àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan palẹ̀ mọ́ ṣáájú ìgbà torí owó tán.

Fetí sí èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa. Nígbà tí ihò yẹn ń fẹ̀, orí ọjà ni wọ́n sá lọ. Sales tax Kansas yẹ kó lọ sílẹ̀ sí 5.7% lọ́dún 2013, wọ́n dá a dúró sí 6.15%, nígbà tó di July 2015 wọ́n gbé e lọ sí 6.5%, orí oúnjẹ náà ni o, búrẹ́dì àti mílíìkì ọmọ. Ẹni tó ní LLC ò san lórí èrè ẹ̀, ẹni tó ń gba owó wákàtí ń san 6.5% lórí ẹyin. Iṣẹ́ ò sì pọ̀ níbẹ̀ tó ti àwọn aládùúgbò wọn. Ní June 2017, àwọn aṣòfin tó jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà pẹ̀lú gómìnà dara pọ̀ mọ́ àwọn alátakò, wọ́n borí veto ẹ̀, wọ́n dá èyí tó pọ̀ jù nínú òfin náà padà. Owó orí lórí oúnjẹ, ọdún 2025 ni sítéètì yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé e dé òdo.

Louisiana ńkọ́? Gómìnà wọn nígbà yẹn, Bobby Jindal, fẹ́ fagi lé income tax lọ́dún 2013, ó fẹ́ gbé sales tax láti 4% lọ sí 5.88%, nígbà tí wọ́n tún ìṣirò ẹ̀ ṣe ó di 6.25%. Àwọn oníléeṣẹ́ kọ̀ ọ́, àwọn àlùfáà ìjọ kọ̀ ọ́, kó tó di ìparí April ó ti gbé e jù sílẹ̀. Gómìnà Jeff Landry wá tún un gbé dìde ní November 2024, èyí yọrí: láti January 2025, 3% ni gbogbo èèyàn ń san lórí owó tó ń wọlé, sales tax kúrò ní 4.45% ó di 5%. Ní New Orleans, tó o bá fi ti ìlú kún un, 10% géérégé. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni pé kí wọ́n nà án dé orí oríṣiríṣi iṣẹ́ ọwọ́ kí rate yẹn má bàa gòkè, àwọn aṣòfin ò gbà fún wọn, ni rate bá gòkè. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é tí kì í já síbi méjì yìí: yálà rate lọ sókè, tàbí nǹkan tí wọn ò gba owó orí lé lórí tẹ́lẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ irun tó ò ń dì. Lọ́wọ́ báyìí Georgia ò gba sales tax lórí owó iṣẹ́ irun dídì, attachment tó o rà ni o ti san tiẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá na sales tax dé orí iṣẹ́ ọwọ́, wàá ní láti lọ forúkọ sílẹ̀ ní Department of Revenue, wàá máa gba owó orí lọ́wọ́ oníbàárà rẹ, wàá máa fi ránṣẹ́, owó ìjọba ló máa wà lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe èyí tó o lè fi ra gáàsì. Irun tí ò ń di 200, á di 220 tàbí 230, àwọn oníbàárà kan á ní kó o gbé e mọ́ra. Èyí tó burú jù ni pé sales tax kì í ṣe VAT. VAT tá a mọ̀ nílé, 7.5%, oníṣòwò máa ń yọ èyí tó ti san lórí ọjà tó rà kúrò nínú èyí tó gbà lọ́wọ́ oníbàárà, ìyàtọ̀ ló ń fi ránṣẹ́. Sales tax Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀. Àyàfi ọjà tó o rà láti tún tà gan-an, èyí tó kù, àga tí oníbàárà ń jókòó lé, dryer, ọṣẹ irun, o san án, kò sí ẹni tó máa dá a padà fún ẹ, ó wọ inú iye tí ò ń gbà, wọ́n á wá tún gba owó orí lórí iye yẹn. Owó orí gun owó orí. Àwọn tó ti ṣe ìṣirò ẹ̀ sọ pé nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún sales tax tí àwọn sítéètì ń gbà, ọwọ́ àwọn oníṣòwò ló ti ń wá báyìí, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ra nǹkan lọ sílé. Bí rate bá di ìlọ́po mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ ló máa wú.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ààlà náà wà. Ẹni tó ń gbé ní Augusta, afárá ló máa gun, ó ti dé South Carolina. Ará Columbus, Alabama wà ní òdìkejì odò. Tí Georgia bá lọ sí 12 tí wọn ò sì kúrò níbi tí wọ́n wà, tẹlifíṣọ̀n àti àga, ẹ̀bá ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa rà á. Àwọn ará sítéètì Washington ń ṣe é lójoojúmọ́, wọn ò san income tax lórí owó-oṣù nílé, wọ́n á wakọ̀ kọjá sí Portland ní Oregon níbi tí kò ti sí sales tax. Ní ti Chattanooga tó wà ní Tennessee lẹ́bàá ààlà, Tennessee fúnra wọn ń gba 7% fún sítéètì, ti county lórí ẹ̀, wọ́n sì ń gba 4% lórí oúnjẹ tútù. Àwọn tí wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún yín nìyẹn.

Ní ti Texas, òótọ́ ni pé kò sí income tax níbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ dìbò lọ́dún 2019 láti kọ ọ́ sínú constitution pé kò gbọdọ̀ sí. Sales tax ibẹ̀ ò ju 8.25% lọ, oúnjẹ tútù ò sí nínú ẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ilé. Property tax (owó orí ilé) Texas wà lára èyí tó ga jù ní Amẹ́ríkà, tó o bá wá lọ sí àwọn estate tuntun ní Katy tàbí Richmond níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, owó MUD (owó orí fún omi àti kòtò ìdọ̀tí àdúgbò) tún wà lórí ẹ̀. Ẹni tó ń gba rẹ́ǹtì náà ń san án, lábẹ́ rẹ́ǹtì ló wà. Àwọn ará ìjọ yín tó ti kó lọ, má bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń san income tax, bi wọ́n pé kí ni escrow wọn (owó property tax àti insurance tí báǹkì ń gbà pọ̀ mọ́ owó ilé) di lọ́dún kejì.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni sọ fún àwọn èèyàn wa, ó sì kàn wá ju ọ̀pọ̀ ará ibí lọ: owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé. Lábẹ́ income tax, Georgia ti gba tiẹ̀ kó o tó fi owó ránṣẹ́ sí màmá rẹ. Lábẹ́ sales tax, owó yẹn ò kọjá lórí káńtà Georgia rárá, kò san nǹkan kan fún wọn. Nítorí náà ẹni tó ń gbé yàrá kan, tí kì í ra nǹkan, tó ń fi gbogbo owó ẹ̀ kọ́lé sí Ìkòròdú, ó máa jèrè gidi. (Láti January 2026 ìjọba àpapọ̀ ń gba 1% lórí èyí tí èèyàn bá fi káàṣì gbé lọ fún àwọn tó ń bá èèyàn fowó ránṣẹ́, èyí tó bá gba inú account báǹkì ibí lọ bọ́.) Ẹni tó ń tọ́mọ níbí bíi tìẹ, tí aṣọ ń kéré sí wọn lára lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kò sí lára wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe báyìí ni kí ìwọ àti ọkọ rẹ kó rísíìtì oṣù mẹ́ta jọ, káàdì báǹkì yín ti tọ́jú èyí tó pọ̀ jù fún yín. Ẹ yọ rẹ́ǹtì, owó ilé ìwòsàn, oúnjẹ tútù, owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sílé àti ohun míì tí wọn ò gba sales tax lé lórí kúrò, ẹ sọ èyí tó kù di ìlọ́po mẹ́rin kó lè di ti ọdún kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 22,000 tí mo sọ lókè. Tí aṣòfin àgbègbè yín bá wá pàdé àwọn èèyàn, nǹkan mẹ́ta ni kó o bi í: èló ni sales tax máa jẹ́ lọ́jọ́ tí income tax bá di òdo, ṣé oúnjẹ máa bọ́ sínú ẹ̀, ṣé wọ́n máa dá díẹ̀ padà fún àwọn tówó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn bí Idaho ṣe ń dá owó oúnjẹ padà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé. Tí kò bá lè fi nọ́ńbà dáhùn àkọ́kọ́, ohun tó gbé wá ò tíì jẹ́ àbá.

Owó irun yẹn náà, bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí, ọjọ́, iye, attachment tó o lò. Bí òfin yìí bá wá, wàá nílò ẹ̀, bí kò bá sì wá, IRS ṣì máa béèrè ẹ̀ ní April.